Sólà Wà ní Òkè-Ìgbàyè, Fíríìjì Wà ní Ìsàrò

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ ni. Mojí pọn ọmọ rẹ̀, Ìtùnúolúwa, ó sì yà sí ilé Peace, aládùúgbò rẹ̀, kí wọ́n lè jọ rìn. Peace náà pọn ọmọkùnrin tirẹ̀, Olúwatóbi. Àwọn ọmọ méjèèjì ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n ti tó gba abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí èéyi mú ọmọ, àìsàn tó máa ń sú sí ọmọdé lára, tó ń mú ojú wọn pọ́n, tó sì ń pa ẹlòmíràn.

"Ọmọ rẹ ti wúwo o," ni Peace wí bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí afárá. "Kí lo ń fún un jẹ?"

"Tìrẹ ńkọ́, tó ń jẹ ẹ̀kọ bí alágbàṣe? Díẹ̀ ló kù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi kọjá odò.

Òkè-Ìgbàyè ni wọ́n ń gbé, ìlú kékeré kan lọ́nà Ìpáò. Ìsàrò ni ilé ìwòsàn wà, ní òdì kejì odò, ìlú tó tóbi ju tiwọn lọ. Ìsàrò ni wọ́n ti bí Mojí. Ọkọ ló gbé e wá sí Òkè-Ìgbàyè. Inú káńsù kan náà ni ìlú méjèèjì wà láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba ti kéde ìbò kan. Ìbò ìfọ̀rọ̀lọ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọn kò ní fi yan ẹnikẹ́ni sípò. Wọ́n fẹ́ fi bi ará ìlú méjèèjì léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: ṣé kí Òkè-Ìgbàyè dúró nínú káńsù náà, àbí kó lọ dá tirẹ̀ ní? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéde rẹ̀ ni ilẹ̀ ti gbóná.

Nọ́ọ̀sì Tèmítọ́pẹ́ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kò tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Kò pe orúkọ ọmọ kankan.

"Ẹ máa padà sílé," ló wí. "Kò sí abẹ́rẹ́."

"Ó tán ni, Nọ́ọ̀sì?" Mojí béèrè.

"Kò tán. Ó ti bàjẹ́."

Ó dìde, ó ṣí fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí. Ooru ló kọ́kọ́ kọlù wọ́n lójú. Àwọn ìgò kéékèèké tò sínú rẹ̀ létòlétò bí wọ́n ṣe máa ń tò, ṣùgbọ́n nígbà tí Mojí fọwọ́ kan ọ̀kan, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Abẹ́rẹ́ yìí kò gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Bó bá ti gbóná báyìí, bí mo bá gún un fún ọmọ yín, bí ẹni gún omi lásán ni. Gbogbo èyí tí ẹ ń wò yìí, a ó kó o dànù ni."

Peace gbé ọwọ́ lé orí. "Yéè! Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Ti ìlú méjèèjì."

"Sólà tó ń gbé fíríìjì ṣiṣẹ́ dà?" Mojí jáde síta, ó gbójú sókè. Irin tí wọ́n gbé sólà lé nìkan ló rí lórí òrùlé.

Nọ́ọ̀sì wò ó lójú. "Ìyàwó Wálé, ilé yín ni kí o ti lọ béèrè."

*

Ata ni Mojí kọ́kọ́ rí nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé. Ata pupa ni, tí ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Florence, sá sí oòrùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ẹní ni ó sá a sí, kì í sì í ṣe orí páànù. Ohun tó wà lábẹ́ ata náà dúdú, ó ń dán bíi dígí.

"Màámi," ni Mojí wí, "kí lẹ sá ata sí yìí?"

"Nǹkan tí baba yín àti Joshua gbé dé lọ́jọ́ Àìkú ni. Ó dára púpọ̀. Ata kì í pẹ́ gbẹ lórí rẹ̀."

Mojí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Bàbá ọkọ rẹ̀, Baba Fágbénró, jáde síta, orín wà lẹ́nu rẹ̀. Òun ni olórí àdúgbò wọn, àgbẹ̀ oníkòkó ni, kò sì sí ìpàdé tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè ní Òkè-Ìgbàyè. Joshua, ọkọ Peace, tó ń darí àwọn ọ̀dọ́, ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé wọ́n ti fún ọmọ wa lábẹ́rẹ́?"

"Baba, kò sí abẹ́rẹ́. Gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nínú fíríìjì, nítorí sólà tí ẹ gbé."

"Èmi kò jalè o. Kòkó wa la tà tí a fi ra sólà yẹn. Ìsàrò ló ra bátìrì. Káńsù ló gbé fíríìjì wá. Ìpín tiwa ni mo gbé wá sí ulé."

"Baba, sólà kì í mú omi tutù lórí ilẹ̀ níhìn-ín. Fíríìjì náà kò sì lè ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ta ló jèrè?"

"Má kánjú," ni baba wí, ó sì tutọ́ orín dànù. "Wọ́n ń bọ̀ wá bẹ̀ wá. Àga ni mo gbé."

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ìhà ibẹ̀ lè má mọ ohun tí Baba Fágbénró ń wí. Ní Òkè-Ìgbàyè àti Ìsàrò, bí ọ̀rọ̀ bá dun ènìyàn ní ìpàdé ìlú, yóò dìde, yóò gbé àpótí tó fi ń jókòó, yóò sì máa lọ sílé láìsọ̀rọ̀. Ìyẹn ni gbígbé àga. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn àgbà yóò gbé obì àti iṣu lọ bá a. Yóò kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí wọn. Yóò ní òun kò gbọ́. Wọn yóò tún bẹ̀ ẹ́. Nígbẹ̀yìn, yóò gbé àpótí rẹ̀, yóò tẹ̀ lé wọn padà, wọn yóò sì gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé àga rí tó fẹ́ lọ ní tòótọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n bẹ òun ni.

Ẹ̀dùn ọkàn náà kì í sì í ṣe irọ́. Katakata tí káńsù rán wá ṣe ọ̀nà ṣe gbogbo ọ̀nà inú Ìsàrò, ó dé ọjà, ó sì yí padà kó tó dé afárá. Alága káńsù kò tíì ti Òkè-Ìgbàyè wá rí. Lójú ọ̀nà tí katakata kò dé yẹn ni kòkó Baba Fágbénró ti rì sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ nígbà òjò.

"Bí ìbò bá dé," ni baba wí, "gbogbo wa á tẹ̀ka sí LỌ. Nígbà tí ẹ̀rù bá bà wọ́n, wọ́n á mọ̀ pé ènìyàn làwa náà."

"Bí wọn kò bá wá bẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ìgbà wo ni wọn kò wá rí?"

Màmá Florence ti ń kó ata rẹ̀ sínú abọ́. "A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí," ló wí. Ó gbé abọ́ náà wọlé.

*

Mojí kò dúró de ẹlẹ́bẹ̀ kankan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìkọ̀lé, wọ́n sì gún abẹ́rẹ́ fún Ìtùnúolúwa níbẹ̀. Peace fẹ́ bá a lọ. Ó ti di ọmọ mọ́ ẹ̀yìn pàápàá, ṣùgbọ́n Joshua dá a dúró.

"Kí lẹ ń sáré kiri fún? Baba ní wọ́n ń bọ̀ wá bẹ̀ wá. Bí wọ́n bá ti wá, èmi náà ni mo tú sólà, èmi náà ni n ó dá a padà. Wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ mìíràn wá, a ó sì gbé ọmọ lọ. Ó tán."

Peace tú ọ̀já.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá. Kò sí ẹni tó gbé obì wá láti Ìsàrò. Ọ̀sẹ̀ mìíràn tún kọjá. Baba Fágbénró a máa jókòó síta ní àárọ̀, a máa wo ọ̀nà afárá.

Nígbà tó yá, ara Olúwatóbi gbóná. Ó ń wúkọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Peace tú aṣọ rẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́, ó sì lọgun tí gbogbo àdúgbò fi jáde. Ara ọmọ ti sú láti iwájú orí dé àyà, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì ti lẹ̀ pọ̀. Joshua kò wọ bàtà. Ó gbé ọmọ àti ìyá rẹ̀ sórí ọ̀kadà, ó kọrí sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó.

Baba Fágbénró dúró lójú ọ̀nà títí erùpẹ̀ ọ̀kadà náà fi rọlẹ̀.

*

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Arábìnrin Bímpé, ọ̀kan nínú àwa tí a ń la àwọn aráàlú lọ́yẹ̀ nípa ìbò náà, dé Òkè-Ìgbàyè. Ọ̀tùn ló ti wá. Ó rò pé àríyànjiyàn ni òun yóò bá nínú gbọ̀ngàn ìlú. Ó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́ bí ilé ọ̀fọ̀.

Ó fi ìwé ìbò hàn wọ́n, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà lórí rẹ̀: DÚRÓ àti LỌ.

"Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wù ní tòótọ́ pé kí Òkè-Ìgbàyè kúrò, kó má padà mọ́, kó jọ̀wọ́ na ọwọ́."

Ọwọ́ mélòó kan péré ló nà sókè, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ wà.

"Ó dára. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ka sí LỌ ńkọ́?"

Ọwọ́ kún gbọ̀ngàn. Tọkùnrin tobìnrin ló nàwọ́.

Bímpé wò wọ́n títí. "Kò yé mi. Ẹ kò fẹ́ lọ, ẹ sì fẹ́ tẹ̀ka sí LỌ?"

"Kí wọ́n lè wá bẹ̀ wá ni," ni obìnrin àgbàlagbà kan wí, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. "O ò mọ gbígbé àga ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bímpé kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ta ni yóò wá bẹ̀ yín?"

"Ìjọba."

"Èwo nínú ìjọba? Lẹ́yìn ìbò, wọ́n á ka ìwé. Bí LỌ bá pọ̀ jù, wọ́n á kéde pé ẹ ti lọ. Ẹni tó ka ìwé kò ní obì lọ́wọ́. Kì í bi ìwé ìbò léèrè bóyá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ń bínú, tàbí ó ń ṣeré, tàbí ó ń retí ẹ̀bẹ̀. Ìka yín ló ń rí."

Ẹnìkan tó ń gbọn ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin dá ọwọ́ dúró.

"Ṣé a kò wá lè tún un dì?" ni Baba Fágbénró béèrè. "Bí a bá rí i pé kò dára, ká tún un dì lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Baba, kò sí ìlérí bẹ́ẹ̀ lórí ìwé yìí. Títú nǹkan ká kò nira. Kí a tó rí àyè láti tún un so, ọmọ tí ẹ gbé dání lónìí lè ti di bàbá ọmọ."

"Háà!" Obìnrin àgbàlagbà náà di ẹnu mú. "Gbogbo ulú yìí ló sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́!"

"Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn," ni Bímpé wí. "Ìlú odindi fẹ́ kúrò níbi tí kò fẹ́ kúrò."

Baba Fágbénró dìde dúró. Ó máa ń le fún un láti gbà pé òun ṣàṣìṣe, kò sì tíì gbà.

"Ó dáa. Jẹ́ ká ní a lọ. Ṣé kò ní sàn? Owó tiwa á máa wọlé fún wa. A ó fi ṣe ọ̀nà wa."

"Baba, ọ̀nà tí ẹ ń bínú lé lórí, láti afárá dé ọjà, orí ilẹ̀ ta ló wà?"

Ó ronú. "Ilẹ̀ Ìsàrò."

"Lónìí, ẹ ní ẹni tó ń jókòó nínú káńsù, tó lè béèrè ìdí tí katakata fi yí padà. Bí ẹ bá lọ, ọ̀nà yẹn á di ti káńsù mìíràn. Ọ̀dọ̀ ta ni ẹ ó ti béèrè rẹ̀?"

Bímpé yíjú sí àwọn ọ̀dọ́.

"Ìyẹn nìkan kọ́. Káńsù tuntun á fẹ́ ilé iṣẹ́ tuntun. Alága á fẹ́ ọkọ̀. Akọ̀wé á fẹ́ àga àti fáànù. Ìlú kékeré lẹ jẹ́. Kí owó tó dé orí ọ̀nà, ó ti tán sára àwọn wọ̀nyí. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lẹ jọ ní. Ṣé apá ọ̀tún rẹ̀ ni yóò máa bọ̀ níhìn-ín? Ẹ ti gbìyànjú pínpín. Ẹ ti gbé ìpín yín wálé. Kí lẹ rí nínú rẹ̀?"

"Ata gbígbẹ," ni Màmá Florence wí láti ẹ̀yìn.

Wọn ì bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ mìíràn.

"Bí a bá dúró," ni Baba Fágbénró wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "ṣé o lè ṣèlérí pé wọ́n á ṣe ọ̀nà wa?"

"N kò lè ṣèlérí, Baba. Irọ́ ni bí mo bá ní mo lè ṣe é. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó wà nínú ilé ló lè bá onílé jà lórí òrùlé tó ń jò. Ẹ kọ̀wé sí káńsù, kí gbogbo àdúgbò fọwọ́ sí i. Ẹ lọ síbi ìpàdé wọn, kí ẹ má ṣe dìde níbẹ̀. Ẹ béèrè pé kí ipò alága máa yí láti ìlú kan sí èkejì. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ kò ní rí i gbà bí ẹ bá ti jáde."

*

Ní ọjọ́ kejì, Baba Fágbénró fọ sólà náà fúnra rẹ̀. Òun àti Wálé, ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọkọ Mojí, gbé e kọjá afárá. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí kí ẹni tó gbé àga fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e padà. Àwọn ará Ìsàrò jáde wá wò wọ́n bí ẹni ń wo eégún ọ̀sán.

Wọ́n gba ọ̀dọ̀ Olóyè Ẹlúyẹmí kọjá, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn àgbà ní Ìsàrò. Nínú pálọ̀ rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, fóònù àwọn ará ilé sì tò sílẹ̀, wọ́n ń gba iná. Bátìrì ńlá kan ló wà láàárín wọn. Wálé mọ bátìrì náà. Ti ilé ìwòsàn ni, ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí wọ́n ń tan nírọ̀lẹ́ ni olóyè fi ń fún un níná.

Ẹnu ya Baba Fágbénró. "Ẹlúyẹmí! Ìwọ náà gbé e?"

"Ìwọ lo kọ́kọ́ gbé tìrẹ. Ṣé o wá bẹ̀ mí ni?"

"N kò bẹ̀ ọ́. Ọmọ Joshua wà ní Ìdó, kò lè ṣí ojú. Mo wá dá nǹkan ọmọ padà fún ọmọ."

Olóyè Ẹlúyẹmí pa tẹlifíṣọ̀n. "A kò gbọ́ o, Fágbénró. A kò gbọ́. Ẹ̀yin là ń retí. A ní bí ìbò bá dé, àwa náà á tẹ̀ka sí LỌ, kí ẹ lè mọ̀ pé a kò bẹ̀rù yín. A ní ẹ̀yin lẹ máa wá bẹ̀ wá."

Àwọn àgbà méjèèjì wo ara wọn. Ìlú méjì kẹ̀yìn síra wọn, oníkálukú ń retí ohùn ẹlẹ́bẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ ìbò sì ń sún mọ́ tòsí.

"Gbé ẹ̀gbẹ́ kan," ni Olóyè Ẹlúyẹmí wí, ó sì tẹ̀ ba láti gbé bátìrì náà.

Wọ́n tún fíríìjì náà tò. Lẹ́yìn ìgbà tí ó ti tutù dáadáa, Nọ́ọ̀sì Tèmítọ́pẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ mìíràn wá. Ọmọ ìlú méjèèjì kún ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ yẹn ni Joshua àti Peace ti Ìdó dé. Olúwatóbi kò kú. Ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ènìyàn pàápàá. Ṣùgbọ́n èéyi ti sọ ojú òsì rẹ̀ di funfun. Àwọn dókítà ti ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe; ojú náà kò ní ríran mọ́.

Joshua dúró láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ, ó gbé ọmọ náà sí èjìká. Baba Fágbénró sún mọ́ ọn, ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Baba, ẹ má sọ nǹkan kan," ni Joshua wí. "Èmi ni mo gun òrùlé. Èmi ni mo ní kí ìyá rẹ̀ tú ọ̀já. Ìbò kò tíì dé, ẹ̀yin ará mi. A kò tíì lọ síbì kankan. Ẹ wo iye tí ọmọ yìí ti san."

*

Ẹ̀yin ará Òkè-Ìgbàyè, ẹ̀yin ará Ìsàrò, àti gbogbo ìlú tí wọ́n bá bi léèrè bóyá kó dúró tàbí kó lọ, ẹ fetí sílẹ̀.

Má fi ìbò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí o kò bá fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, má tẹ̀ka sí i. Kò sí àgbà tí yóò gbé obì wá bẹ ìwé ìbò.

Bí o bá ní ẹ̀dùn ọkàn, ó lè jẹ́ òtítọ́. Gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Kọ̀wé, lọ sí ìpàdé, béèrè lọ́wọ́ ẹni tí o rán sí káńsù. Ẹni tó wà nínú ìṣọ̀kan ló ní ẹnu nínú rẹ̀.

Ìlú kékeré méjì tó jọ ní nọ́ọ̀sì kan, fíríìjì kan àti ọ̀nà kan kò lè pín wọn láìfi wọ́n ṣòfò. Ìfiṣòfò kì í sì í mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ọmọ tí kò dá sí ọ̀rọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bá.

Àwa sọ ọ́ kedere, a kò fi pamọ́: ní ọjọ́ ìbò, ẹ tẹ̀ka sí DÚRÓ. Bí ẹ bá dìbò tán, kí ẹ má padà sílé lọ sùn. Ìpàdé káńsù ṣì wà. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ jókòó, kí ẹ sì béèrè ọ̀nà yín títí wọn yóò fi ṣe é.

Bí abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ bá sì ti tó, má dúró de ìjà àgbà kankan kó parí. Gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn tó bá sún mọ́ ọ, lọ́jọ́ yẹn gan-an.